Ẹ Gba Mẹ́nù Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ Eré

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí yóò bínú sí mi nítorí rẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a kò bá lè bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé tiwa, níbo ni a ó ti sọ ọ́? Ẹ̀sùn mi nìyí: àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ṣe eré sórí fóònù ń gba iṣẹ́ onílé fún àlejò. Wọ́n ní ẹ̀rọ eré tí ó mọ eré í ṣe, wọ́n sì ní fóònù tí ó mọ ọ̀rọ̀ í kọ. Ẹ̀rọ eré ni wọ́n wá sọ pé kí ó máa kọ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé èdè Yorùbá ń wọ inú fóònù láìní àmì lórí, bí ẹni tí wọ́n fá lórí nígbà tí kò ṣọ̀fọ̀.

Kí n tó máa bá a lọ, ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa tí irú iṣẹ́ yìí kò kàn. Ẹ̀rọ eré kì í ṣe irin. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré yóò mú lò kí ó má baà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Unity wà, Godot wà, libGDX tí Mario Zechner bẹ̀rẹ̀ wà; cocos2d náà wà, tí Ricardo Quesada àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 ní Los Cocos ní ilẹ̀ Argentina, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn: wọn a gba ojú fóònù lọ́wọ́ fóònù, wọn a sọ ọ́ di pátákó kan ṣoṣo, wọn a máa yàwòrán sí i, wọn a máa pa á rẹ́, wọn a tún máa yà á, bóyá ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa yóò fi rò pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ń rìn.

Fóònù fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe ti Android tàbí iPhone, ní àwọn ohun èlò tirẹ̀ tí ó fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: bọ́tìnnì, àpótí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àkọsílẹ̀ gígùn tí a ń fi ìka fà sókè fà sílẹ̀. Mẹ́nù ni mo ń pe ojú-ìwé tí ẹni tí ó ṣí eré yóò kọ́kọ́ bá pàdé, níbi tí a ti ń bi í bóyá kí eré bẹ̀rẹ̀, bóyá ó fẹ́ kí ohùn rọlẹ̀, bóyá ó fẹ́ rí orúkọ àwọn tí ó ta yọ. A lè fi ẹ̀rọ eré ya mẹ́nù, a sì lè fi ohun èlò fóònù ṣe é. Èyí tí a fi ohun èlò fóònù ṣe ni n ó máa pè ní mẹ́nù onílé. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé kí ẹ̀rọ eré máa ṣe eré, kí onílé máa kí àlejò, kí àwọn méjèèjì sì wà nínú áàpù kan náà.

Ní sáà tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé eré ayò kan tí ó ṣe fúnra rẹ̀ wá sí ìpàdé. Ẹ kú orí ire, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Ọpọ́n náà dára bí èyí tí wọ́n gbẹ́ ní òkè ọ̀hún. Ihò rẹ̀ 12 pé, ọmọ ayò 48 pé, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ìka kan ihò, àwọn ọmọ ayò a máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró igi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lábẹ́ igi odán. Àgbà olùkọ́ kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti ta ayò kẹ́yìn gba fóònù náà, kò sì fẹ́ dá a padà mọ́.

Ìgbà tí eré parí ni ojú tì mí. Àkọlé kan jáde lórí ojú fóònù: "Awon Ota." Ọ̀ta ni ọmọkùnrin yìí ní lọ́kàn, àwọn tí wọ́n mọ ayò ta. Ẹni tí ó bá kà á bí ó ti kọ ọ́ lè rò pé ọta tí à ń kì sínú ìbọn ni, tàbí ọ̀tá tí ń lépa ẹni, ẹni tí ó bá sì ti apá ibẹ̀ wá lè rò pé ará Ọ̀tà ni wọ́n ń bá wí. Mo bi í léèrè ohun tí ó dé. Ó ní òun ti kọ àmì sí i rí. Àpótí òfìfo kéékèèké ni ó yọ sí ipò àwọn àmì náà. Òun wá pààrọ̀ irú lẹ́tà, àwọn àmì sì yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ni wọ́n dúró sí, bí ẹni tí kò rí àyè jókòó nínú ọkọ̀. Ó rẹ òun, òun sì kó gbogbo rẹ̀ dànù, àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀. "Ẹ̀rọ náà kò gbà á, sà," ni ó wí fún àgbà olùkọ́ náà.

Ẹ̀rọ náà kò gbà á! Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ yìí. Ẹni tí ó lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní ayò títa kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ohun tí ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ ni pé fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà mọ bí a ti ń kọ Ọ̀ta dáradára. Ó ti fi fóònù náà kọ lẹ́tà ìpè ìpàdé sí gbogbo wa ní ọjọ́ méjì ṣáájú, àmì rẹ̀ sì pé pérépéré.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. Gbogbo lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò ni ó ní nọ́mbà, Unicode sì ni àkójọ tí gbogbo ayé fi ń mọ nọ́mbà wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú lẹ́tà tiwa ní nọ́mbà kan ṣoṣo níbẹ̀: á àti à ní in, ẹ lásán ní in, ọ lásán ní in, ṣ náà ní in, ń ní in, ǹ pàápàá sì rí tirẹ̀ gbà ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà ńlá wọn, mẹ́jọ lápapọ̀, kò ní nọ́mbà àdáni. Méjì-méjì ni a ń kó wọn pọ̀: nọ́mbà ẹ yóò kọ́kọ́ wá, nọ́mbà àmì ohùn yóò sì tẹ̀lé e, ẹni tí ó ń ya ọ̀rọ̀ náà ni ó gbọ́dọ̀ gbé àmì gun orí lẹ́tà. Àwọn tí ń tọ́jú Unicode ti sọ pé àwọn kò tún ní máa fi irú lẹ́tà alákànpọ̀ bẹ́ẹ̀ kún àkójọ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró dè é.

Nínú fáìlì lẹ́tà tí ó dára, ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ní àkọsílẹ̀. HarfBuzz ni Android fi ń ka àkọsílẹ̀ yìí. Core Text ni Apple fi ń kà á. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ní láti ronú nípa èdè Lárúbáwá àti ti àwọn ará Íńdíà àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn tí lẹ́tà wọn ń so mọ́ ara wọn, tí ń gun ara wọn, tí ń yí padà bí aládùúgbò wọn bá yí padà. Yorùbá jẹ nínú oore náà. Nísinsìnyí, ẹ wo BitmapFont tí libGDX ń lò. Kì í ka àkọsílẹ̀ kankan. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nọ́mbà kan, àwòrán kan. Ó sì ń to àwọn àwòrán náà tẹ̀lé ara wọn bí ọmọdé ti ń to páálí ìṣáná. Bí àwòrán àmì kò bá sí nínú fáìlì rẹ̀, yóò fò ó tàbí kí ó fi òfìfo dípò. Bí ó bá wà, ibì kan náà ni yóò máa gbé e sí, ìbáà ṣe ẹ kékeré ni tàbí Ọ ńlá, tó bẹ́ẹ̀ tí àmì tí ó jókòó pẹ̀lẹ́ lórí lẹ́tà kékeré yóò gún lẹ́tà ńlá láyà. N kò bú àwọn tí ó ṣe é. Eré ni wọ́n ṣe é fún. Máàkì àti orúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rò pé a ó fi kọ, ó sì ń ṣe ìyẹn dáradára.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Wọ́n ní àwọn yóò ya àwòrán lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fúnra wọn, àwọn yóò sì fún wọn ní nọ́mbà láti inú àyè tí Unicode fi sílẹ̀ kí olúkúlùkù máa lò bí ó ti wù ú. Ọgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a fi ti ilé ni. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá èdè kan sílẹ̀ tí òun nìkan gbọ́. Bí ẹnì kan bá fi orúkọ rẹ̀, Ọlátúnbọ̀sún, ránṣẹ́ láti inú eré náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan mìíràn ni wọn yóò rí lọ́hùn-ún. Bí a bá da orúkọ kan kọ láti ibòmíràn sínú eré náà, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí n kò fi lè gbà kí a pe ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré ni pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò pè é ní kékeré. Ní ọdún 1875 ni wọ́n jókòó ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ní ọdún 1965 ni Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àkọtọ́. Ìgbìmọ̀ kan tún jókòó ní ọdún 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò yìí ní ọdún 1974. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín ọ̀kan ni èyí, tí àwọn àgbà fi jiyàn lórí àmì àti lẹ́tà, tí wọ́n bínú síra wọn, tí wọ́n sì tún parí ìjà. Ṣé nítorí pé àwòrán àmì kò sí nínú fáìlì kan ni a ó ṣe da gbogbo rẹ̀ nù? Bí ẹnì kan bá ṣe eré ọkọ̀ sísá, tí ó sì kọ "Ra oko" sí orí bọ́tìnnì ọjà rẹ̀, ṣé ọkọ̀ ni kí ọmọdé rà, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, tàbí kí ó lọ ra ọkọ fún ìyá rẹ̀?

Mo ti gbọ́ èsì àwọn alátakò mi, n ó sì mú wọn wá síbí kí wọ́n má baà sọ pé mo rẹ́ wọn jẹ.

Èkíní, wọ́n ní bí a bá fi ẹ̀rọ eré ya mẹ́nù, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó ṣe é, yóò sì ṣiṣẹ́ lórí Android àti iPhone. Ṣùgbọ́n bí a bá lo mẹ́nù onílé, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó kọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ojú-ìwé mẹ́nù eré ayò yẹn fún mi. Mẹ́rin ni: ìbẹ̀rẹ̀, ètò ohùn, orúkọ àwọn ọ̀ta, àlàyé bí a ti ń ta á. Ojú-ìwé mẹ́rin ni ó ń lé yín ní eré! Bẹ́ẹ̀ ni lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń rí kiri nínú ọgbà yìí, Android ni ó pọ̀ jù, ẹ̀yin fúnra yín sì mọ̀ pé Android nìkan ni ẹ máa ń gbé eré yín sí. Iṣẹ́ tí ẹ rò pé ẹ fò kò sì fò rárá. Ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ́ àpótí ìkọ̀wé, ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ́ àkọsílẹ̀ tí a ń fà, ẹ ń dán an wò lórí fóònù ńlá àti kékeré, nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ eré fúnra rẹ̀ mọ ibi tí agbára òun mọ. Nínú libGDX, àṣẹ kan wà tí a ń pè ní getTextInput. Bí ẹ bá fẹ́ kí òǹtayò kọ orúkọ rẹ̀, àpótí ìkọ̀wé ti fóònù ni àṣẹ náà máa ń ṣí síwájú rẹ̀. Unity náà, pátákó ìtẹ̀wé ti fóònù ni ó ń pè jáde. Àlejò tí ó ń yá ìkòkò onílé kí ó tó lè se ọbẹ̀, kí ló dé tí a kò jẹ́ kí onílé sè é?

Èkejì ni ẹ̀wà. Wọ́n ní mẹ́nù onílé a máa dà bí fọ́ọ̀mù ilé ìfowópamọ́. Èyí kò gba àkókò. Bọ́tìnnì fóònù gba àwọ̀, ó gba àwòrán, ó gba irú lẹ́tà tí ẹ bá fẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀yìn mẹ́nù rẹ̀ rí bí àdìrẹ, kí ó gbé àwòrán àdìrẹ sí i. Àwọn tí ẹ rí tí mẹ́nù wọn burú, àwọn ni wọ́n ṣe é burú.

Ẹ̀kẹta ni ó le, n kò sì ní fi bò. Wọ́n ní àdàlù a máa dá wàhálà sílẹ̀: ẹni tí ó bá so ẹ̀rọ eré mọ́ mẹ́nù onílé yóò rí ohun tí kò rí rí. Mo ti rí i. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí Android a máa fi mẹ́nù sí ojú-ìwé kan, a sì fi eré sí òmíràn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní Activity. Ó tẹ bọ́tìnnì, ojú fóònù ṣókùnkùn díẹ̀, eré sì bẹ̀rẹ̀. Ó padà sí mẹ́nù, ó tún tẹ̀ ẹ́, eré tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọpọ́n ti di àpótí dúdú, àwọn ọmọ ayò sì ti parẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ojú-ìwé eré kọ́kọ́ kú, àwòrán tí ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀yà fóònù tí ń yàwòrán kú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n áàpù fúnra rẹ̀ kò kú. Bí akọ̀wé ètò bá ti fi orúkọ àwọn àwòrán náà pamọ́ sí ibi tí wọ́n ń pè ní static, orúkọ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ti lọ. Ó ń pe òkú.

Wàhálà kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ inú fóònù. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ń tọ́jú gbogbo ohun èlò onílé. Òmíràn ni ó ń ya àwòrán fún ẹ̀rọ eré. Òfin Android kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ohun èlò onílé yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń tọ́jú wọn. Bí eré bá parí, tí ayàwòrán sì sáré wọlé láti yí àkọlé mẹ́nù padà fúnra rẹ̀, áàpù yóò ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà rán ẹni tí ó ni ín, nípa runOnUiThread. Bí mẹ́nù náà bá sì ní ohun tí ó fẹ́ kí eré ṣe, kí ó fi postRunnable rán ayàwòrán.

Ṣùgbọ́n ṣé nítorí èyí ni a ó ṣe sá? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ohun tí ó ń fa wàhálà àkọ́kọ́ ni pé a pín ilé sí méjì nígbà tí kò yẹ kí a pín in. Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni kí ó wà. Ní libGDX, àṣẹ kan tí a ń pè ní initializeForView yóò fún yín ní pátákó eré gẹ́gẹ́ bí ohun èlò kan láàárín àwọn ohun èlò onílé yòókù. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ nínú FrameLayout, kí ẹ sì gbé mẹ́nù lé e lórí. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi mẹ́nù pamọ́, ẹ má pa á. Bí eré bá dúró, ẹ ṣí i padà, ọpọ́n yóò sì máa hàn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí òkùnkùn láàárín, kò sí òkú tí à ń pè. Lórí iPhone ó tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ìgbà tí SpriteKit ti jáde pẹ̀lú iOS 7 ní ọdún 2013, pátákó eré rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ohun èlò onílé, a sì lè to bọ́tìnnì lé e lórí bí ó ti wù wá. Unity ni ó pẹ́ kí ó tó gbà. Láti ẹ̀dà 2019.3 ni wọ́n ti là ọ̀nà tí a fi lè gbé e sínú áàpù onílé, wọ́n sì sọ fún ni nígbà náà pé gbogbo ojú fóònù ni yóò gbà nígbà tí ó bá wà lójú, àti pé ẹyọ kan ṣoṣo ni a lè ṣí. Ẹni tí ó bá ń lò ó, kí ó fi mẹ́nù ṣáájú rẹ̀, kí ó má sì máa tì í kí ó máa ṣí i bí ilẹ̀kùn ilé ọtí.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàárín àwọn méjèèjì, kí ẹnu ọ̀nà náà há. Mẹ́nù ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó lè sọ fún eré: bẹ̀rẹ̀, dúró, tẹ̀síwájú, ohùn. Eré ní ẹyọ kan tí ó lè sọ fún mẹ́nù: mo ti parí, máàkì rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó bá rí i pé òun ń fi ogójì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síwá sẹ́yìn, kì í ṣe àdàlù ni ó ṣe é ní ibi. Kò mọ ohun tí í ṣe eré àti ohun tí í ṣe mẹ́nù ni.

N kò sọ pé kí a fa ohun gbogbo fún onílé. Máàkì tí ń gbéra bí ayò ti ń lọ, ọfà tí ń tọ́ka sí ihò, ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn yí ọpọ́n ká bí ẹnì kan bá jẹ ayò, ti ẹ̀rọ eré ni wọ́n, nítorí pé wọ́n ń rìn pẹ̀lú eré. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe, tàbí tí ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìyẹn ni mo ń gbà padà.

Àǹfààní mìíràn wà tí kò kan àmì ohùn. Ní oṣù méjì sẹ́yìn mo jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran, tí ó ń fi TalkBack lo fóònù rẹ̀. Ètò yìí a máa ka ohun tí ó wà lójú fóònù sí i létí. Bí ó bá fi ìka kan bọ́tìnnì, yóò gbọ́ orúkọ bọ́tìnnì náà. Ó ṣí eré kan, ìka rẹ̀ ń rìn kiri lójú fóònù, TalkBack kò sì sọ nǹkankan, nítorí pé pátákó ẹ̀rọ eré, ohun kan ṣoṣo ni lójú rẹ̀, odi sì ni. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní irú rẹ̀ pọ̀, òun kì í bá wọn jà mọ́. Ká ní mẹ́nù onílé ni, ètò náà ìbá ti bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣe eré náà ṣe wàhálà púpọ̀. Lóòótọ́, Unity ti fi ọ̀nà kan fún irú èyí kún un láti ẹ̀dà 2023.2, ṣùgbọ́n akọ̀wé ètò ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan fún ètò akàwé náà. Mélòó nínú wa ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní òru ọjọ́ tí a ó gbé eré jáde? Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti sọ lẹ́tà fóònù yín di ńlá nítorí ojú, ẹ ti rí i pé lẹ́tà inú eré kì í bá a tóbi. Ti mẹ́nù onílé a máa bá a tóbi. Bátìrì ńkọ́? Mẹ́nù tí ẹ̀rọ eré ń yà ni ó ń tún yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ohunkóhun kò yí padà lójú rẹ̀, àyàfi bí akọ̀wé ètò bá rántí láti dá a dúró; ọ̀pọ̀ kì í rántí. Onílé kì í yà á mọ́ bí kò bá sí ohun tí ó yí padà. Ẹni tí iná mànàmáná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti àná yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ẹ̀rọ eré ń dára sí i. Inú mi dùn sí i. Godot 4, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, ti gba HarfBuzz wọlé, ẹni tí ó bá sì ń lò ó pẹ̀lú irú lẹ́tà tí ó dára lè kọ Ọ̀ta bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Fún un, mo yí ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò kò lágbára púpọ̀, ìwé tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà sì ti pẹ́. Ṣé kí èdè dúró síta títí wọn yóò fi ra kọ̀ǹpútà mìíràn?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ àjọ̀dún wa tí ń bọ̀, bí a bá tún fẹ́ fi eré orí fóònù han gbogbo ènìyàn lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè Yorùbá, kí ẹ má gba èyí tí kò ní àmì lórí mẹ́nù rẹ̀. Ẹ kì í gba àròkọ tí kò ní àmì wọ inú ìwé yìí; èmi fúnra mi ti gba àròkọ mi padà rí nítorí rẹ̀, mo sì bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí ó bá sì rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, kí ó gbìyànjú èyí lálẹ́ òní. Kí ó kọ "Ẹ bẹ̀rẹ̀, Ọ̀ta" sí orí bọ́tìnnì onílé kan, kí ó sì fi ẹ̀rọ eré rẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan náà sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, kí ó má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun. Kí ó wá gbé fóònù náà fún ìyá rẹ̀ láti kà. Mo wà ní yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ láti aago mẹ́rin; ètò kékeré tí mo fi so libGDX mọ́ mẹ́nù onílé wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, mo sì ti fi àlàyé sí i ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì.